Kí Ọmọ Ilé-Ìwé Fi Ẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Wọ Igbó

Ní ìgbà kan rí, ọmọ tí a bí sí abúlé, bí ó bá ti tó ẹni ọdún mẹ́wàá, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣí ìwé fún un kí ó tó mọ ìrókò yàtọ̀ sí àràbà. Ó mọ ìrókò nípa oje funfun tí ń sun jáde nígbà tí àdá bá kàn án lára. Ó mọ àràbà nípa ẹ̀gún tí ó wà lára èèpo rẹ̀ nígbà tí igi náà wà ní kékeré, àti nípa òwú rẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbé kiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó mọ àrẹ̀rẹ̀ nípa bí pákó rẹ̀ ti fúyẹ́ tó, ó sì mọ̀ pé ọ̀mọ̀ ni agbẹ́gi ń wá kiri bí ó bá fẹ́ gbẹ́ ìlù. Ẹnikẹ́ni kò fi í jókòó láti kọ́ ọ ní gbogbo èyí. Bàbá rẹ̀ ń lọ sí oko, òun náà ń tẹ̀ lé e; ìyá rẹ̀ ń lọ ṣẹ́gi, òun ni ó ń ru ìdì kékeré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lónìí, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó gba máàkì tí ó pọ̀ jùlọ nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí lè dúró sábẹ́ igi ọ̀pèpè, kí ó sì bi ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ léèrè pé irú igi wo nìyí. Ó lè ya àwòrán igbó kìjikìji sí ojú ìwé ìdánwò, kí ó sì kọ orúkọ ìpele kọ̀ọ̀kan sí i láìṣì, nígbà tí kò tíì fi ojú kan igbó kìjikìji rí láti ọjọ́ tí a ti bí i.

Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́. Ìlú ti fẹ̀, oko ti jìnnà, àwọn òbí tí ó ń gbé ní ìlú ńlá kò sì ní oko tí ọmọ lè tẹ̀ lé wọn lọ mọ́. Láti 1938 tí ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ti jáde, àìmọye ọmọ ni ó ti bá Àkàrà-Ògùn wọ igbó lórí ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì tíì wọ èyí tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà tí mọ́tò wọn ń gbà kọjá. Nígbà tí ilé kò lè kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí mọ́, ilé-ìwé ni ó yẹ kí ó gbà á ṣe. Ó yẹ kí ó máa kó àwọn ọmọ lọ sí inú igbó gan-an, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sì kà á bí ẹni ń ka ìwé. Bí a bá sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìpàdé àwọn òbí, gbogbo ènìyàn ni yóò pàtẹ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kí wọ́n ṣe é, àwáwí a máa pọ̀. Àwọn tí ó sì ń ṣe é pàápàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣe é bí ó ti yẹ.

Igbó kan wà tí ó yẹ fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ. Òun ni Igbó Ọmọ, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí mọ́tò bá kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó kọjú sí ọ̀nà Òrè àti Bìnì, ìhà ibẹ̀ ni igbó náà wà. Ní 1925 ni ìjọba ti fi ààlà sí i, tí ó sì di igbó ọba. Fífẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 130,500. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ bí èyí ti tó, kí ó ro ti pápá kan tí ó gùn ní 100 mítà tí ó sì fẹ̀ ní 100 mítà: hẹ́kítà kan ṣoṣo nìyẹn. Ní 1946, wọ́n ya hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ nínú igbó náà, pé kí ẹnikẹ́ni má fi àdá tàbí ayùn kan ohunkóhun níbẹ̀. Ní 1977 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, wá fi Igbó Ọmọ kún àwọn ibi tí ó ń pè ní biosphere reserve, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ètò yìí, tí àjọ náà dá sílẹ̀ ní 1971, ti tàn dé orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 130 lónìí, irú ibi bẹ́ẹ̀ sì ti lé ní 700 lórí ilẹ̀ ayé.

Orúkọ náà le lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro fún ẹni tí ó bá mọ agbo ilé Yorùbá. Nínú agbo ilé, yàrá wà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, ojúde sì wà. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ń wọ yàrá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àlejò ń jókòó sí. Ojúde ni ti ọmọdé, ti oníṣòwò àti ti èrò tí ń kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ṣe pín irú igbó yìí. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni yàrá: igi àti ẹranko ni ó ni ín. Apá tí ó yí i ká ni ọ̀dẹ̀dẹ̀: ibẹ̀ ni olùwádìí ti lè ṣiṣẹ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ti lè kẹ́kọ̀ọ́, bí wọn kò bá ti ba nǹkan jẹ́. Apá òde pátápátá ni ojúde, níbi tí àwọn ènìyàn ń gbé, tí wọ́n ń dáko, tí wọ́n sì ń ná ọjà. Ohun tí àwọn tí ó dá ètò náà sílẹ̀ ní lọ́kàn ni pé kí ènìyàn àti ẹ̀dá inú igbó jọ máa gbé, kí ọ̀kan má pa èkejì run. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ ní Igbó Ọmọ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ara rẹ̀ lọ wá ìdáhùn sí ni.

Irú ìrìn-àjò wo ni yóò jẹ́ kí ó rí ìdáhùn náà? Kì í ṣe irú èyí tí ó wọ́pọ̀. Bí ó ti sábà máa ń rí nìyí: bọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta kún fún ọmọ tí ó wọ aṣọ tuntun, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ké lókè bọ́ọ̀sì, ìrẹsì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà nínú agolo ńláńlá ní ẹ̀yìn. Wọ́n dé etí igbó nígbà tí oòrùn ti mú, tí ẹyẹ ti dákẹ́. Wọ́n ya fọ́tò níwájú pátákó tí a kọ orúkọ igbó sí. Wọ́n jẹun, wọ́n jó, wọ́n da ọ̀rá àti ike sílẹ̀, nígbà tí ó sì di aago mẹ́rin, wọ́n ti ń padà lọ sílé. Ẹranko tí ó wà ní jíjìnnà réré ti gbọ́ wọn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ tí ó lọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀ sinmi ni. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìsinmi, bí àwọn aláṣẹ ilé-ìwé bá ti lè pè é ní orúkọ rẹ̀, tí wọn kò sì fi orúkọ ẹ̀kọ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí.

Ìrìn-àjò tí ó ní láárí kì í ní èrò púpọ̀. Ogún ọmọ pẹ̀lú olùkọ́ méjì ti tó. Kí aṣọ́gbó kan máa ṣáájú wọn, bí wọ́n bá sì lè rí àgbà ọdẹ kan tí ó mọ agbègbè náà, kí ó wà láàárín wọn, nítorí pé ohun tí ọdẹ rí nínú ewé kan tí ó ṣẹ́ kò sí nínú ìwé kankan. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà rọ́bà, kí ó mú ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù lọ́wọ́. Kí wọ́n ti sùn sí ìtòsí, kí wọ́n lè wọ igbó ní ìdájí, nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé.

Ibi àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùkọ́ mú wọn lọ ni oko gmelina. Gmelina kì í ṣe igi ilẹ̀ yìí. Láti Éṣíà ni ó ti wá. Ní apá tí ó pọ̀ nínú Igbó Ọmọ, wọ́n gé igbó àdáyébá kúrò, wọ́n sì gbin igi yìí ní ẹsẹẹsẹ, nítorí pé ó ń yára dàgbà, wọ́n sì ń retí pé àwọn yóò máa fi ṣe bébà ní ilé-iṣẹ́ tí a kọ́ sí Ìwópin. Ilé-iṣẹ́ náà kò ṣe iṣẹ́ tí a retí lọ́wọ́ rẹ̀. Gmelina wà nílẹ̀. Igbó tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò padà. Ọmọ ìlú ńlá, bí ó bá kọ́kọ́ rí oko yìí láti ojú ọ̀nà, yóò kígbe pé igbó ńlá nìyí! Kí olùkọ́ jẹ́ kí ó kígbe bẹ́ẹ̀, kí ó má sì tíì dá a lóhùn. Kí ó fún àwọn ọmọ ní okùn, kí wọ́n wọn ilẹ̀ tí ó gùn ní 20 mítà tí ó sì fẹ̀ ní 20 mítà, kí wọ́n ka irú igi tí ó wà nínú rẹ̀. Wọn yóò ka igi púpọ̀, ṣùgbọ́n nínú àwọn igi ńlá, ó lè ṣẹlẹ̀ kí wọ́n má rí ju irú kan ṣoṣo lọ. Kí wọ́n wá dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n sì kọ iye irú ohùn ẹyẹ tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó lọ sí ibi tí igbó àdáyébá ṣì kù sí. Kí wọ́n tó rí ohunkóhun, ara wọn yóò ti mọ̀ ọ́n: ooru yóò rọlẹ̀, òórùn ewé jíjẹrà yóò gba imú wọn, ìmọ́lẹ̀ yóò sì dín kù bí ìgbà tí ènìyàn bá ti ojúde wọ inú ilé. Ilẹ̀ yóò máa rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Kí ọmọ kan fi igi wú ewé ilẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, yóò rí i pé ewé òkè gbẹ, ti abẹ́ rẹ̀ tutù, ti abẹ́ ìyẹn ti ń di dúdú, tí olú ti ta okùn funfun tín-ín-rín káàkiri ara rẹ̀, títí yóò fi di ilẹ̀ tí a kò lè mọ̀ yàtọ̀ sí erùpẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí igi igbó kò fi nílò ajílẹ̀: ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ lónìí ni yóò tún jẹ lọ́la. Bí a bá gé igi kúrò, oúnjẹ náà kò ní pẹ́ tán, òjò yóò sì gbé ìyókù lọ. Kí wọ́n gbé ojú sókè, wọn yóò rí àwọn igi kéékèèké tí ń dúró de ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ àwọn tí ó ga jù wọ́n lọ. Lókè àwọn yẹn, wọn yóò rí àwọn òmìrán bí ìrókò àti ìdígbó tí orí wọn yọ sí ojú ọ̀run, tí gbòǹgbò àwọn mìíràn nínú wọn sì dìde lẹ́bàá ìdí bí ògiri ilé. Ìtàkùn ń gba ara igi kan bọ́ sí òmíràn. Kí wọ́n tún na okùn 20 mítà kan náà, kí wọ́n tún ka irú igi, kí wọ́n tún dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iye tí wọn yóò kọ sílẹ̀ ní ibi kejì yìí, bí wọ́n bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti ibi àkọ́kọ́, ti tó ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ kan. Ọmọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye méjèèjì yìí sílẹ̀ kò tún ní gbà mọ́, bí ó bá dàgbà, pé ẹni tí ó gé igbó tí ó sì gbin igi dípò rẹ̀ ti san gbèsè tán.

Ọ̀rọ̀ erin ń kọ́? Kò sí ọmọ tí yóò gbọ́ pé erin wà nínú Igbó Ọmọ tí kò ní fẹ́ rí i. Irú èyí tí ó wà níbẹ̀ ni erin igbó kìjikìji, tí ó kéré sí erin ilẹ̀ ọ̀dàn, tí etí rẹ̀ rí róbótó, tí eyín rẹ̀ sì nà gbọọrọ sísàlẹ̀. Ní 2021, àwọn tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹranko tí ó wà nínú ewu káàkiri ayé ya erin yìí sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsọ̀rí àwọn tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n parun. Ìdí tí ó fi ṣòro fún un láti pọ̀ padà ni pé bíbí rẹ̀ kò yá: abo rẹ̀ sábà máa ń lé ní ogún ọdún kí ó tó bí àkọ́bí, nǹkan bí oṣù 22 ni ó sì fi ń lóyún. Ọdẹ kan lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo pa ohun tí igbó kò lè dá padà láàárín ìran ènìyàn kan.

Àwọn àgbà a máa sọ pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí; bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá sí Igbó Ọmọ kò ní rí erin. Bóyá kò tilẹ̀ ní rí nǹkan fìrí. Kí olùkọ́ sọ èyí fún un kí wọ́n tó kúrò nílé, kí ó má baà rò pé a tan òun jẹ. Ṣùgbọ́n bí aṣọ́gbó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò fi ipasẹ̀ hàn án nínú ẹrẹ̀, yóò fi ara igi tí erin fi ara họ hàn án, yóò sì fi ìgbẹ́ erin hàn án. Àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ di imú. Kí wọ́n fi igi tú u wò. Nínú rẹ̀ ni wọn yóò ti rí kóró èso, àwọn mìíràn sì ti ń hu. Erin igbó a máa gbé èso ńlá mì lódindi, bí èso igi òro tí a ń gba àpọ̀n inú kóró rẹ̀, a sì máa yà á sílẹ̀ ní ibi tí ó jìnnà sí ìdí igi tí ó so ó, pẹ̀lú ajílẹ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ayé. Ọmọbìnrin tí ó ti ń bá ìyá rẹ̀ se ọbẹ̀ àpọ̀n láti kékeré kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé erin wà nínú àwọn tí ń gbin igi náà. Àtíòro àti ọ̀bọ náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún èso tí ó kéré. Nínú àwọn ọ̀bọ inú Igbó Ọmọ, irú kan wà tí ọ̀fun rẹ̀ funfun, tí a kò lè rí lórí ilẹ̀ ayé bí kò ṣe ní apá ìhín yìí, ní Nàìjíríà àti Orílẹ̀-èdè Benin àti agbègbè wọn.

Apá tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fò nínú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù, èyí ni ojúde agbo ilé náà. Àwọn ènìyàn ń gbé nínú Igbó Ọmọ. Ìletò àwọn mìíràn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Àwọn mìíràn wá nígbà tí ìjọba gbà kí àgbẹ̀ máa gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ sí àárín àwọn igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn títí igi náà yóò fi ga. Ọ̀pọ̀ sì wọlé láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ilẹ̀ baba wọn ti gbó, ilẹ̀ igbó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán sì dára fún kòkó ju ilẹ̀ mìíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni oko kòkó ṣe ń jẹ igbó náà wọ inú lọ. Àwọn tí ń gé gẹdú wà níbẹ̀ pẹ̀lú ayùn ẹlẹ́ńjìnnì wọn, àwọn kan pẹ̀lú ìwé àṣẹ, àwọn kan láìní i. Ọdẹ náà wà níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ jókòó ti àgbẹ̀ oníkòkó kan lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, kí wọ́n kí i bí ó ti yẹ kí ọmọ kí àgbà, kí wọ́n sì bi í léèrè: Bàbá, láti ìgbà wo ni ẹ ti wà níbí? Kí ni ó gbé yín kúrò nílé? Bí ìjọba bá ní kí ẹ kúrò lọ́la, ibo ni ẹ ó lọ? Kí wọ́n gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ parí, kí ẹnikẹ́ni má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bi aṣọ́gbó léèrè iye àwọn tí ó jọ ń ṣọ́ igbó náà, kí wọ́n sì fi iye hẹ́kítà tí ó wà níbẹ̀ pín in.

Àwọn olùkọ́ kan ń bẹ̀rù pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yóò da ọkàn ọmọ rú, pé yóò lọ sílé pẹ̀lú àánú àgbẹ̀ dípò ìfẹ́ igbó. Kò sí ohun tí ó burú bí ó bá lọ sílé pẹ̀lú méjèèjì. Ẹni tí a kọ́ pé olè ni gbogbo àwọn tí ó wà nínú igbó, bí ó bá di aláṣẹ, yóò kàn rán ọlọ́pàá lọ dáná sun abà wọn ni. Wọn yóò sì tún padà wá, nítorí pé ebi kò gbọ́ ti òfin. Ẹni tí a kọ́ pé tálákà ni wọ́n nìkan, yóò jẹ́ kí wọ́n ṣán igbó náà tán. Nígbà náà ni òjò yóò dín, ilẹ̀ yóò gbó, kòkó tí ó nílò ibòòji àti ọ̀rinrin kò sì ní ṣe dáadáa mọ́, ebi náà yóò sì tún dé. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a ti ìyókù igbó tí erin ń gbé mọ́ oko tuntun pátápátá, kí a sì kọ́kọ́ wá ibi tí ó ní orúkọ, tí ó sì ní omi, fún àwọn tí a ó ní kí wọ́n kúrò. Èyí yóò ná ìjọba lówó. Ó dára kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti mọ̀ pé yóò náni lówó, kí ó tó dàgbà tó ẹni tí ń dìbò.

Àtakò mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́. Ti ìdánwò kò nílò àríyànjiyàn gígùn: ẹ̀kọ́ nípa igbó wà nínú ohun tí a ó bi wọ́n léèrè, ẹni tí ó sì ti rí ohun kan kì í gbàgbé rẹ̀ bí ẹni tí ó há a sórí. Ti owó jẹ́ òtítọ́, ó sì burú púpọ̀ bí ilé-ìwé bá sọ ọ́ di pé ọmọ olówó nìkan ni yóò rí igbó. Ti ewu ni ó wúwo jù. Ejò wà nínú igbó, ìjàlọ wà níbẹ̀. Bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ àti etí tí ń gbọ́ràn sí aṣọ́gbó lẹ́nu dín ewu wọn kù lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó sọ pé òun ń bẹ̀rù àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà kò sọ ìsọkúsọ, olùkọ́ tí ó bá sì fi í ṣe ẹlẹ́yà kò yẹ ní ẹni tí a ń fi ọmọ ṣọ́. Bí ọ̀nà kò bá dára, kí wọ́n má lọ. Igbó Ọmọ yóò dúró dè wọ́n.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ibi tí ó súnmọ́ ilé kò wọ́n. Ní Ìbàdàn, nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí a ń pè ní IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, igbó kan wà tí ó tó nǹkan bí hẹ́kítà 350. Oko ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kí wọ́n tó gba ilẹ̀ náà. Wọ́n fi í sílẹ̀, igbó sì tún hù. Kò sí ibi tí ó dára ju èyí lọ láti fi han ọmọ pé igbó lè padà bí a bá fún un láàyè, bí ìyókù igbó tí yóò fún un ní irúgbìn bá ti wà nítòsí. Ní Lẹ́kí, ní Èkó, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ìdáàbòbò ẹ̀dá ti ní ọgbà tí ó tó hẹ́kítà 78 láti 1990, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé sì ń lọ síbẹ̀. Afárá tí a so mọ́ òkè igi níbẹ̀ gùn tó mítà 401. Ọmọ tí ó bá rìn ín yóò wo orí igi láti òkè bí ẹyẹ, bí ojora bá jẹ́ kí ó la ojú. Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, kò ju hẹ́kítà 75 lọ, síbẹ̀ èèwọ̀ àwọn baba ńlá ni ó pa á mọ́ fún ìgbà pípẹ́ kí òfin ìjọba tó dé. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó ní irú igbó èèwọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tí ọmọ ilé-ìwé lè fi ẹsẹ̀ rìn dé, bí àwọn àgbà ibẹ̀ bá ti gbà. Ọjọ́ kan tí a fi ṣiṣẹ́ gidi nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ sàn ju ọjọ́ mẹ́ta tí a fi jó létí Igbó Ọmọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa yàrá inú lọ́hùn-ún, hẹ́kítà 460 tí a yà sọ́tọ̀ ní 1946. Kò tó ẹyọ kan nínú igba lára gbogbo igbó náà. Àwọn ọmọ a máa bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí àwọn wọ ibẹ̀, àwọn olùkọ́ mìíràn sì ń rò pé ẹ̀kọ́ kò pé bí wọn kò bá dé ibẹ̀. Kí wọ́n má wọ̀ ọ́. Ogún ẹsẹ̀ lónìí, ogójì lọ́la, ọ̀nà yóò là, ẹni tí ń wá gẹdú yóò sì gba ọ̀nà náà. Ó dára kí ibi kan wà láyé tí ọmọ mọ̀ pé ó wà, tí ó dúró létí rẹ̀, tí ó gbọ́ ohùn ẹyẹ inú rẹ̀, tí kò sì wọ̀.

Kí wọ́n tó padà sílé, kí olùkọ́ yan igi kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ igbó náà, kí ó jẹ́ igi tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ọ̀gánwó tàbí ọ̀mọ̀. Kí wọ́n fi okùn wọn ìbú ìdí rẹ̀ ní ibi tí ó bá igbá àyà ènìyàn dọ́gba, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tí yóò máa wà ní ilé-ìwé, pẹ̀lú ọjọ́, orúkọ igi ní èdè Yorùbá, àti orúkọ àwọn tí ó wọ̀n ọ́n. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ kíláàsì tí ó kàn yóò lọ wọn igi kan náà, wọn yóò sì kọ tiwọn sí abẹ́ tàwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Bí wọ́n bá sì dé ibẹ̀ tí wọn kò bá igi náà mọ́, kí wọ́n kọ ìyẹn náà sí i, kí wọ́n wọn ìbú kùkùté rẹ̀, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ aṣọ́gbó ọjọ́ tí wọ́n gé e àti ẹni tí ó fún wọn láṣẹ.